Ìwé Tí Òróró Bà Jẹ́

Láàárọ̀ yìí, irin hítà tó ń mú yàrá mi móoru bẹ̀rẹ̀ sí í kan gbà-gbà-gbà, bí ó ti máa ń ṣe nígbà tí òtútù bá kọ́kọ́ dé. Mo ń fi òróró pa ẹsẹ̀ mi tó gbẹ, ni ẹ̀kán kan bá ta sórí irin gbígbóná náà. Òórùn rẹ̀ kò pẹ́ kó tó lọ, ṣùgbọ́n ó tó. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo rántí Màríámù, ojú sì tì mí bí ẹni pé àná ni.

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń dàgbà ní àdúgbò wa, Rogers Park, báyìí, ẹ ò mọ bí ilé wa ṣe rí nígbà náà. Ilé bíríkì alájà mẹ́ta ni. Àwa wà lókè pátápátá, àwọn Màríámù wà nísàlẹ̀ wa. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, ìyá tirẹ̀ ń tún yàrá ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, nítorí náà bí a bá ti ilé ìwé dé, àwa méjèèjì la máa ń wà pọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, n kò tíì pé ọdún kan ní Amẹ́ríkà. Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ kò tó fi bèèrè omi. Màríámù ni ẹnu mi.

Yàrá abẹ́ ilé, níbi tí àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà, ni a ti ń kàwé. Ibẹ̀ móoru, òórùn ọṣẹ gba ibẹ̀ kan, páìpù sì ń kan lórí wa. Màríámù á ka ojú ìwé kan ní Gẹ̀ẹ́sì, á wá sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá. Èyí tí a fẹ́ràn jù ni ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé olókùúta ńlá kan létí òkun, níbi tí baálé ilé tó ti kú ti ń rìn kiri lókè. Màríámù ní àkúdàáyà ni. Mo ní irọ́ ni.

"Àkúdàáyà tiwa á lọ sí ìlú mìíràn, á ṣòwò, á fẹ́yàwó. Èyí ò ríbi lọ ni?"

"Ìyá Ìjọ, jẹ́ kí n kàwé jàre."

Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, torí pé ilé wa kì í pa ìsìn jẹ. Èmi náà á pè é ní Àlhájà Kékeré. Bí ẹ̀rù bá bà wá, òun á ka Áyátúlì Kúrísíyù inú Kùránì, èmi á ka Sáàmù tí màmá mi kọ́ mi. A ó jọ máa kà á lọ kíákíá, títí ẹ̀rín á fi pa wá.

Ó wá di ibi tí ọmọbìnrin náà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lókè. Ó mú fìtílà, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ìmọ́lẹ̀ ń jó lára ògiri, àdúrà sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀. Mo ní bó ṣe ń lọ yẹn, ẹ̀rù kò bà á.

"Ẹ̀rù ń bà á o," Màríámù dáhùn. "Ó kàn ń lọ náà ni."

Mo lérí pé bí èmi náà yóò ṣe ṣe nìyẹn tó bá kàn mí.

Orí kan péré ló kù nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n gbé ìwé náà sùn. Ó kọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Káàdì láìbìrì tirẹ̀ ló fi yá a. Mo fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ibẹ̀ sì ni ìyá mi ti rí i lọ́jọ́ kejì, tòun ti àwòrán ọwọ́ òkú tó yọ láti inú ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá kò pariwo. Wọ́n gbé ìwé náà lé orí hítà, wọ́n gbé òróró ìyàsímímọ́ jáde, wọ́n sì dà á sí i, lẹ́yìn, nínú, títí ìgò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ooru gbé òróró náà wọ gbogbo ewé ìwé. Bó bá jẹ́ àkàrà ni, ìbá ti jiná. Lẹ́yìn àmín, wọ́n yíjú sí mi.

"Ta ló gbé e wọnú ilé mi?"

Àtẹ̀gùn tèmi nìyẹn. N kò gun ẹyọ kan.

"Màríámù ni, mà. Ó ní dandan ni kí n gbà á."

Màmá gbé ìwé náà sínú ọ̀rá, a sọ̀kalẹ̀. Wọ́n sọ fún Màmá Màríámù pé kí ó kó ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Màríámù dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò mí. Ó ń retí. Mo wo bàtà mi. Nígbà tó rí i pé n kò ní sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó kúnlẹ̀ fún ohun tí kò ṣe. Kí yìnyín tó yọ́ lọ́dún náà, wọ́n ti kó lọ sí Flossmoor, ìlú kan tó jìnnà sí wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí Màmá Màríámù nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, mo sì ti jẹ́wọ́ kí wọ́n tó dá ìkíni mi lóhùn.

"Ìwé wo?" Wọ́n rò ó díẹ̀. "Háà! Èyí tó ń rùn bí dòdò yẹn? Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Láìbìrì ní àwọn ò gbà á mọ́." Wọ́n fà mí dìde. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo máa sọ ọ́ fún, ọmọ mi." Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀.

Ilé wa, tí mo ṣì ń gbé, ti yí padà. Wọ́n ti kun ún, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò mọra wọn lórúkọ. Páìpù nìkan ló ṣì ń kan bó ṣe ń kàn. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ láìparí ti wá mọ ìwé kà díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ̀ báyìí pé òkú kò dẹ́rù bà mí rí. Ojú alààyè ni mo ń sá fún.

Kí n tó lọ síbi iṣẹ́ lónìí, mo ka Sáàmù náà, mo pe Màríámù. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. N kò tilẹ̀ rántí kí i.

"Àlhájà Kékeré, irọ́ ni mo pa mọ́ ọ."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ pa fóònù náà.

"Dúró," ló sọ, "jẹ́ kí n lọ mú ìwé náà wá."

Mo dúró.