Bọ́ọ̀sì Tó Gba Iwájú Màmá Mi Kọjá

Tí fídíò àtijọ́ bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́, òórùn tó máa ń jáde lára rẹ̀ dà bíi ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Òórùn yẹn ló máa ń kún yàrá tá a ti ń ṣiṣẹ́ l'Ágbowó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí títì. Ọ̀gá wa jẹ́ olùkọ́ yunifásítì tí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wọ̀ lára gan-an. Wọ́n gbé kámẹ́rà sójú fèrèsé, wọ́n ń ya gbogbo ohun tó bá ń kọjá, nítorí wọ́n fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa fojú tẹ̀ lé èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìfi ẹnì kan pe ẹlòmíràn. Ọdún 1980 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ ni o! Kọ̀ǹpútà tí ò tíì mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́.

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ méjì la wá di ojú kọ̀ǹpútà. Èmi àti ọmọbìnrin Ṣakí kan máa ń na láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara sójú tẹlifíṣọ̀n, a ó dá àwòrán dúró, a ó fi báírò sàmì síbi tí ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wà, a ó fún un ní nọ́ńbà, a ó sì tún sún àwòrán síwájú díẹ̀. Ẹsẹ̀ là ń wò, a kì í wojú. Bí ọkọ̀ bá gba iwájú ẹnì kan tá ò rí i mọ́, òfin ọ̀gá ni pé ká wo bó ṣe ń yára tó tẹ́lẹ̀, ká wá retí rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti yọ. Ẹni tó bá yọ níbẹ̀ ló ni nọ́ńbà náà. Ẹni tá ò bá retí, nọ́ńbà tuntun là ń fún un.

Nínú fídíò ọjọ́ Àìkú kan, ìjọ màmá mi tò kọjá lójú títì, aláṣọ funfun bí ogún, gbogbo wọn láìwọ bàtà. Níbẹ̀rẹ̀, màmá mi kọjú sí fèrèsé wa, wọ́n ń ju ọwọ́ òsì bí wọ́n ṣe máa ń rìn, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo rẹ́rìn-ín, mo fún màmá mi ní nọ́ńbà tiwọn, ìyẹn mẹ́sàn-án, mo bá iṣẹ́ mi lọ.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí àìsàn ọjọ́ díẹ̀ mú wọn lọ. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù kan ṣoṣo la ní, èyí tí wọ́n fajú ro bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Mo sáré tọ ọ̀gá lọ. Kásẹ́ẹ̀tì wọ́n bí ojú nígbà yẹn, ọjọ́ kejì gan-an ni ọ̀gá sì fẹ́ ya nǹkan mìíràn lé èyí tí màmá mi wà nínú rẹ̀ lórí.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ n rí ìrìn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ọ̀gá gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì fi yàrá sílẹ̀ fún èmi àti ọmọ Ṣakí.

Mo na láílọ́ọ̀nù tí mo ti sàmì sí lọ́jọ́ náà, mo ń tẹ̀ lé nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Bọ́ọ̀sì Mọníyà kan gba iwájú wọn. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án yọ, ó kẹ́yìn sí wa, ó rìn dé etí tẹlifíṣọ̀n, ó sì lọ. Mo sunkún, mo dá fídíò padà sẹ́yìn, mo tún sunkún. Ọmọ Ṣakí tó jókòó tì mí kàn tẹjú mọ́ ọn ni.

"Ẹni yìí kọ́," ó ní.

"Kí lo mọ̀? Ṣé ìyá tìẹ ni?"

"Má bínú. Ẹni yìí ò ju ọwọ́ rárá. Wo ẹni tó gbẹ̀yìn."

Mo wò ó. Bọ́ọ̀sì ti lọ tán, àwọn yòókù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Ìyá arúgbó kan ń wọ́ ẹsẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná, ẹnì kan sì fi ọwọ́ ọ̀tún dì í mú, ó ń ju ti òsì. Yéè! Màmá mi ni. Wọ́n ti dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì de ìyá náà. Òfin wa ò sì mọ ẹni tó ń dúró de èèyàn. Mo wo láílọ́ọ̀nù mi: nọ́ńbà mẹ́tàlélógún ni mo kọ síbẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹni tí n ò rí rí.

A jọ wo wọ́n títí wọ́n fi kọjá. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ya àwọn ọkọ̀ Ìwó Road lé wọn lórí.

Àwọn ọmọ òde òní ń fi fóònù ṣe iṣẹ́ yẹn bí ẹní mumi, inú mi sì ń dùn sí i. Ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì bá gba iwájú èrò kọjá lójú mi, ọ̀rẹ́ mi, n kì í lè kúrò níbẹ̀. Àárò màmá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Mo mọ̀ pé wọn ò ní yọ mọ́, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ mo máa ń dúró títí ẹni tó gbẹ̀yìn fi kọjá.