Ìwé Orúkọ Kì Í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ẹni tó bá tún pe Níyì ní olè lójú mi, màá fi abẹ́rẹ́ rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ránṣọ, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni ti Níyì wà. Ó ń tẹ ìwé, ó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ó sì ń bá àwọn èèyàn forúkọ òwò wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí pé ó rẹ́ni jẹ.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin ará Ọ̀kà kan tó ń jẹ́ Success ní kó bá òun forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé jáde, àmì ìjọba wà lórí rẹ̀. Success gbé e kọ́ ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ọ̀kà, ó wá ń gba owó àwọn èèyàn pé òun á fi ra kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, fún wọn, èrè á sì máa wọlé lóṣooṣù. Ẹni tó bá bi í bóyá ìjọba mọ̀ sí i, ògiri ló ń nawọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n Níyì, Ìbíyínká, tíṣà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, fẹ́ kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ síbẹ̀. Níyì gun ọ̀kadà lọ bá a. Ó ní orúkọ lásán ni ìwé yẹn fi sílẹ̀, pé ẹni tó bá máa gba owó ará ìlú fún irú òwò yẹn gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́dọ̀ àjọ SEC, àwọn tí ìjọba ní kó máa ṣọ́ ọjà ìdókòwò. Ó ṣí fóònù, ó fi orúkọ àwọn tí wọ́n ti fún láṣẹ hàn án. Ti Success kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ọjọ́ìbí ò sọ pé ọmọ ò ní jalè."

Ìbíyínká kọ etí ikún, ó kó owó náà fún Success.

Níyì kọ̀wé sí àjọ náà. Nígbà tí wọ́n kéde pé Success kò gbàṣẹ lọ́dọ̀ àwọn, ó tẹ ìkéde náà jáde, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì yẹn. Àwọn tí Success ń jẹ lówó gan-an ló fà á ya. Wọ́n ní ìlara ló ń da Níyì láàmú. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Success fi sá lọ.

Ó yẹ kí àwọn tó fà á ya wá bẹ Níyì. Dípò bẹ́ẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́sàn-án, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni gbogbo wọn, wọkọ̀ láti Ọ̀kà wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń pè é ní olè. Wọ́n ní Ìbíyínká ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé àbúrò òun ló ṣe ìwé ilé-iṣẹ́ náà.

Níyì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lójú gbogbo wọn ló ti bi í léèrè.

"Ṣé ẹ sọ ohun tí mo bá yín sọ fún wọn?"

Ìbíyínká wo ilẹ̀. "Mi ò sọ. Success ń fún mi lówó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tí mo bá mú wá."

Àwọn obìnrin náà dìde sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Níyì tí wọ́n ti ń bú láti àárọ̀ ló sáré bọ́ sáàárín, ó fi ara rẹ̀ bo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má nà án.

Ká ní èmi ni, ǹ bá jẹ́ kí wọ́n nà án.