Ẹ̀ẹ̀rùn Tí Mo Fi Okùn Kànga Parọ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí n kò tíì ga tó etí kànga, mo ti mọ iye omi tó wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe èmi nìkan. Gbogbo ọmọ abúlé wa, lẹ́yìn Akanran níhìn-ín, ló mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣí ẹ̀rọ tí omi ń dà wàà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ràbíátù ni ì bá sọ ọ́ dáadáa, òun ló máa ń rántí nǹkan jù mí lọ, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún yìí ni Ọlọ́run mú un lọ. A ò tíì ṣe fídáù ogójì ọjọ́ rẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló fi ṣáájú mi dáyé, kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Títí a fi darúgbó, bí a bá ti ń jiyàn, á ní, "Kúnlẹ̀ ná, àgbà ń sọ̀rọ̀!"

Kànga kan ṣoṣo la ní, àti odò kékeré kan nísàlẹ̀ oko. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tí ètè ń là, tí ewé kòkó ń jábọ́, odò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n fi àdá sàmì sí i lára, àwọn tó ń lọ sóko á sì mú ìròyìn wá pé àmì kan tún ti yọ síta. Èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ti kànga, ìyẹn sì ni iṣẹ́ Bàbá Làmídì. Wọ́n ní okùn gígùn kan tí wọ́n so òkúta mọ́ nídìí, tí wọ́n ta kókó sí ní ìgbọ̀nwọ́ ìgbọ̀nwọ́. Lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún, láfẹ̀mọ́júmọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju korobá sí kànga kí Bàbá tó wọn omi. Omi tó bá sinmi mọ́jú ló ń sọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Òkúta á kanlẹ̀, wọ́n á fa okùn jáde, wọ́n á ka kókó tó tutù. Bó bá tó márùn-ún, a ó máa pọn, a ó máa fọṣọ. Bó bá ti di mẹ́ta, ó parí nìyẹn: imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n á fi bo ẹnu kànga, ó di ti arúgbó, aláìsàn àti ọlọ́mọ tuntun. Àwa ọmọbìnrin á wá máa lọ pọn omi lódò ńlá.

Odò ńlá yẹn jìnnà. Ẹni tó bá kúrò nílé lẹ́yìn àsùbáà, oòrùn á ti mú kó tó padà, ilé ìwé ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì fi ilé ìwé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, òjò kì í dá a padà. Mo lè dárúkọ àwọn tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó ṣáájú gbà lọ́wọ́ ìwé fún yín: Sìkírátù, Ọmọ́wùmí, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ, Rísíkátù, àti Ràbíátù tèmi. Èmi nìkan ló kù, nítorí ibà dá mi gúnlẹ̀ lọ́dún náà, wọn ò lè rán mi lódò. Ìwé kẹrin ni mo wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé láìfi ìka tọ ọ̀rọ̀ ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ojú Bàbá Làmídì ti ń ṣú, orúnkún wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, èmi ni mò ń bá wọn ju okùn sísàlẹ̀; ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ kókó wò kí wọ́n tó kà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ju òkúta, ó kanlẹ̀. Mo fà á sókè díẹ̀, mo rí i pé kókó mẹ́ta péré ló tutù. Mo wo ọ̀nà odò ńlá. Ni mo bá tún sọ okùn sílẹ̀, mo sì ń tú u lé e lórí, ó ń ká jọ sínú omi bí ejò. Nígbà tí mo máa fà á jáde, kókó márùn-ún ló rin gbindin.

"Mélòó ni, Bàbá?" Ìyàwó Sùwébá ló bèèrè. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà yẹn.

Bàbá fọwọ́ tọ́ ọ wò. "Márùn-ún. Alihamudulilai! Ẹ máa pọn."

Inú gbogbo abúlé dùn. Wọ́n fọ aṣọ Jímọ̀, wọ́n fọ ẹní. Èmi lọ sílé ìwé. Nígbà tí ọjọ́ márùn-ún tún pé, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé òjò ò ní í pẹ́ rọ̀.

Ọjọ́ kẹta sí ìyẹn ni ìyàwó Sùwébá bímọ. Wọ́n dáná, wọ́n ní kí a sáré pọn omi ìwẹ̀ ọlọ́mọ. Korobá dé ìsàlẹ̀, ẹrẹ̀ ló gbé wá. Wọ́n tún un jù, ẹrẹ̀ náà ni. Kò sì sí omi nínú àmù ilé kankan, torí kò sẹ́ni tó tọ́jú omi pa mọ́; kókó márùn-ún ṣáà ni Bàbá kà. Ọmọ ń ké, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Ràbíátù kò dúró kí wọ́n bẹ òun. Ó gbé ìkòkò, ó sáré gba ọ̀nà odò ńlá. Nígbà tó máa padà dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó sọ omi kalẹ̀, ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí mò ń sunkún.

"Èmi ni mo rìn, ìwọ lò ń ké! Ta ló nà ẹ́?"

Mo bá jẹ́wọ́ fún un. Kò pariwo. Ó kàn dì mí lọ́wọ́ mú, ó fà mí dé iwájú Bàbá Làmídì. "Sọ ọ́ fún wọn bí o ṣe sọ ọ́ fún mi."

Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n fa okùn mọ́ra. "Okùn yìí ti wà lọ́wọ́ mi kí bàbá ẹ tó gbéyàwó. N ò mọ̀ pé ó lè parọ́. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Bàbá. N ò fẹ́ kúrò nílé ìwé ni."

Ìyá Sùwébá, ìyá-ọkọ ọlọ́mọ tuntun, ti na ọwọ́ sókè láti gbá mi létí. Ọwọ́ náà dúró lókè, ó sì rọra bọ́ sílẹ̀. Wọ́n yíjú sí Bàbá. "Odò yẹn náà ni èmi ń lọ nígbà tí ẹ̀yin ọkùnrin ń kéwú. Ẹ rántí?"

Bàbá ti kànga pa lọ́jọ́ náà, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mo sì fi lọ sódò ńlá, ìyà tó tọ́ sí mi ni. Ṣùgbọ́n wọn ò gba okùn lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ẹni tó ti mọ ibi tí irọ́ ń gbà wọlé ni yóò bá àwọn ṣọ́ ọ, kí Ràbíátù sì máa dúró tì mí. Ìyá Sùwébá ní tiwọn kó àwọn ìyá jọ, wọ́n ní kí àwọn àgbà obìnrin máa lọ sódò láàárọ̀, ilé méjì méjì, kí àwọn ọmọ máa lọ lẹ́yìn ilé ìwé.

"Ṣé ìwé la ó máa jẹ ni?" ẹnìkan kùn báyìí.

"Ìwọ tó ò kàwé, kí lo jẹ lánàá?" ni Ìyá Sùwébá fi dá a lóhùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe rọ̀ ni Ràbíátù padà sílé ìwé. Ìwé kẹta ni wọ́n fi í sí, lẹ́yìn mi. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, kò gbọ́. Ìwé kẹfà ni tèmi mọ. Òun ka tirẹ̀ títí ó fi di tíṣà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí. Àwọn ọmọ mi tó wà l'Ólódò àti Ọlọ́runṣògo nígboro, kànga ẹ̀rọ oníkálukú wà nínú ọgbà rẹ̀, ó ti géètì mọ́ ọn. Tí ti aládùúgbò bá gbẹ, wọn ò mọ̀. Èyí ò dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n n ò ní tàn yín pé ayé ìgbà náà dára jù. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa.

Ní abúlé wa níhìn-ín, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, ọmọbìnrin kan tó ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ omi máa ń gun ọ̀kadà wá lóṣooṣù. Á wọn odò, á wọn adágún tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́, á wọn kànga, á tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù, á sì lọ. Ràbíátù ló pè é lọ́dún tó kọjá pé, "Ọmọ mi, omi ta lò ń gbé lọ yẹn?" Láti ìgbà náà ló ti ń fi ẹfun kọ iye omi náà sára ògiri ilé ìwé kó tó gun ọ̀kadà rẹ̀. Ràbíátù á kà á sókè fún gbogbo àdúgbò. Lọ́dún yìí tí kò sí mọ́, mo ti rò pé kò ní sẹ́ni tó máa kà á.

Láàárọ̀ yìí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ tí àwọn ọmọbìnrin ń kà á bí wọ́n ti ń kọjá, tí wọ́n ń jiyàn bóyá ó lọ sílẹ̀ ju ti oṣù tó kọjá. Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Báàgì ìwé ló wà lẹ́yìn wọn, kò sí ọ̀kan tó gbé omi lórí.