Àmín tí Oyèbọ́lá Fi Ránṣẹ́

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Sango ni etí Oyèbọ́lá kú sí. Díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ọ̀gá, kí wọ́n má baà lé e. Kò sọ fún Múyìwá náà, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń lọ sí yunifásítì, tó háyà yàrá sí Ìgbẹ́sà. Bí Múyìwá bá pè, kì í gbé e. Nẹ́tíwọ̀kì ló máa ń dá lẹ́bi. Bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹnu onítọ̀hún ni yóò máa wò. Tí ẹnu bá ti dúró, á ní, "Àmín." Nínú Ọ̀tà tí ṣọ́ọ̀ṣì kún gbogbo títì yìí, àdúrà ló sábà máa ń parí ọ̀rọ̀. Àmín kì í já a kulẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Múyìwá fi fídíò ránṣẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó dijú, ẹnu rẹ̀ ń mì. Àdúrà ni, Oyèbọ́lá rò. Ó fi ohùn dá a lóhùn: "Àmín, ọmọ mi."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, òkú Múyìwá ni wọ́n gbé wá bá a.

Nígbà tí ọdún yípo, níbi ìrántí rẹ̀, ó fẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì rí àdúrà náà lójú amóhùnmáwòrán ńlá wọn. Ó gbé e lọ bá Adérógbà, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò ìwàásù.

"Bọ̀dá kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ohun tó sọ síbẹ̀, nítorí àwọn tó máa jókòó lẹ́yìn. Ẹ má ba ojú ọmọ mi jẹ́ o. Ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ sí fídíò ẹ̀gbọ́n mi, ojú rẹ̀ wá dà bí ògì."

"Ẹni yẹn lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ àwòrán ni, kọ̀ǹpútà wá tún gbogbo ẹ̀ sè, ló fi dàrú. Èmi ò ní fọwọ́ kan àwòrán. Inú fáìlì ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ máa wà, méjèèjì á jọ máa rìn."

"Àmín."

Adérógbà rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, mi ò tíì gbàdúrà."

Ó ki íápíìsì bọ etí. Ó gbọ́ ọ. Ó tún un gbọ́.

"Mọ́mì, ṣé ẹ ti gbọ́ nǹkan tó wà nínú ẹ̀?"

"Àmín."

Adérógbà kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó lè kọ àdúrà síbẹ̀. Ó mọ̀ wọ́n lórí. Ṣùgbọ́n gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló létí. Ó kọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́, ó yí kọ̀ǹpútà sí Oyèbọ́lá.

Mọ́mì, àyà ń dùn mí.
Mo pè yín, ẹ ò gbé e.
Mi ò lè dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbé mi.

Ojú Múyìwá kò bàjẹ́ rárá. Òógùn iwájú orí rẹ̀ hàn ketekete. Nígbà tí ẹnu rẹ̀ dúró, Oyèbọ́lá la tirẹ̀.

Ó fọwọ́ bò ó kí àmín tó jáde.