Báìrò Pupa Màmá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà ní pínníṣín, tí à ń gbé yàrá méjì ní Ẹgbẹ́dá, òfin kan wà nílé wa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Màmá mi sọ̀rọ̀ títí wọn yóò fi mu gààrí wọn tán. Tíṣà ni wọ́n, àádọ́rin ọmọ ló sì wà ní kíláàsì wọn. Tí wọ́n bá dé lọ́sàn-án, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ báàsìn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí mo ti bu iyọ̀ sí, wọ́n á máa fi ẹ̀pà mu gààrí Ìjẹ̀bú. Bàbá mi gan-an, bí wọ́n bá ń wá kọ́kọ́rọ́, wọ́n á dúró jẹ́ẹ́. "Ẹ̀mí kan ni mo ní," ni Màmá máa ń wí, "kò sí òmíràn ní sítọ̀ ìjọba."

Ẹni tó bá rú òfin, ìkúnlẹ̀ ni, ojú sí ògiri, ọwọ́ sókè. Kò síbi tí ògiri yẹn ti sán tí n kò mọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má díbọ́n jàre, ẹ̀yin náà mọ ògiri tiyín.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Màmá ru ìwé àròkọ àwọn ọmọ kíláàsì wọn wálé. Olùbẹ̀wò ilé ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ lọ́la, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba máàkì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba lè gbé Màmá lọ sí ilé ìwé kan ní Ayọ̀bọ̀, níbi tí ẹrẹ̀ ti ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ èèyàn nígbà náà. Màmá ò tíì mu gààrí dé ìdajì tí oorun fi gbé wọn lọ, ẹsẹ̀ ṣì wà nínú omi. Àánú wọn ṣe mí gan-an. Mo bá mú báìrò pupa wọn láti bá wọn máàkì í.

Ẹ wò ó, mo kọ́kọ́ kà á dáadáa o. Nígbà tó di ìwé kẹwàá, ọwọ́ ń ro mí, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún gbogbo ayé ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ẹni tó ya bọ́ọ̀lù dípò àròkọ gba mẹ́wàá. Súlè nìkan, ọmọ kíláàsì Màmá tó ju bàtà mi sí gọ́tà rí, ló gba òdo. Mo tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Ìwọ mọ ohun tí o ṣe."

Màmá jí, wọ́n ṣí ìwé mẹ́ta, wọ́n di orí mú: "Yéè! Ọmọ yìí ti pa mí!" Bàbá sáré wọlé, wọn ò tiẹ̀ rántí òfin. Àfi bí Màmá ṣe kan ìwé Súlè tí ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, omi báàsìn dà sílẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ jókòó tì í: Bàbá ń ka àròkọ, Màmá ń fi báìrò aláwọ̀ ewé kọ máàkì tòótọ́ sábẹ́ tèmi, èmi ń ṣí ìwé.

Lọ́jọ́ kejì, olùbẹ̀wò rí pupa, ó rí àwọ̀ ewé, ó ní òun ò rí tíṣà tó ń yẹ iṣẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì rí. Ọ̀gá ilé ìwé bá pàṣẹ pé kí gbogbo tíṣà máa ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi sáà kan ni àwọn tíṣà tó kù fi ń wo Màmá bí ẹni tó jí ewúrẹ́ wọn. Abọ́ gààrí méjì ni Màmá mu lọ́jọ́ tí olùbẹ̀wò wá. Èmi tó fa iṣẹ́ ìlọ́po méjì náà ò dúró kí wọ́n rán mi, mo ti kúnlẹ̀ níwájú ògiri.

Lónìí, èmi náà ti di tíṣà ní Ìgándò. Láyé ìgbà yẹn, ìwé nìkan ló ń tẹ̀ lé tíṣà wálé. Tèmi, àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ ń bá mi dé inú báàsìn ẹsẹ̀ mi lórí Wásáàpù. Màmá ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, bí mo bá sì ti dé báyìí, wọ́n á gba fóònù lọ́wọ́ mi títí n ó fi mu gààrí mi tán. Lánàá, ọ̀gá ilé ìwé wa pè. Màmá ló gbé e: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ mi ṣì ń mu gààrí. Ẹ̀mí kan ló ní, kò sí òmíràn ní sítọ̀ yín."