Ohùn Ìyá Mi Tí Ọkọ Mi Tún Ṣe

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó lè mú kí obìnrin onígbàgbọ́ máa bú sípíkà bí ẹni ń bú orogún, èmi ni kí ẹ wá bi. Ashanti New Town ni a ń gbé ní Kumasi, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ, nínú ilé tí pálọ̀ rẹ̀ kò fẹ̀. Ẹ̀rọ orin ọkọ mi ló kọ́kọ́ gba igun kan níbẹ̀. Nígbà tó yá, àwa la wá ń gba igun lọ́wọ́ rẹ̀.

Rédíò onígiramafóònù la kọ́kọ́ ní, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ìròyìn ń jáde níbẹ̀, orin ìjọ ń jáde níbẹ̀, kí ni mo tún ń wá? Ọkọ mi ní ohùn rẹ̀ ń ha. Ó ra ẹ̀rọ mìíràn tí yóò fún ohùn lágbára. Nígbà tí ìyẹn dé, ó ní àpótí sípíkà ló kéré jù, ló bá gba Anloga Junction lọ, ó ní kí káfíńtà fi igi ìrókò kan àpótí méjì fún òun. Wọ́n ga dé àyà mi. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé ni àga mi méjì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bàbá wọn, ṣé èyí ló kẹ́yìn báyìí?"

"Èyí ló kẹ́yìn, Ìyá wọn."

Irọ́ ni. Kò pẹ́ tí abẹ́rẹ́ tó ń ka àwo orin kò fi dára tó mọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ó kan wáyà. Bí mo bá ráhùn, á ní, "Títa ríro là ń kọlà, bó bá jinná tán ní í doge." Ilà tirẹ̀ kò jinná láyé. Àlejò kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kilẹ̀ nínú pálọ̀ mi kí abẹ́rẹ́ má baà fò. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé ọkùnrin náà kò gbọ́ orin kankan. Orin á máa lọ, òun á kọ etí sí i, á máa wá ibi tó ti ń ha.

Ohun kan ṣoṣo ni èmi fẹ́ gbọ́ nínú gbogbo ẹ̀rọ yẹn. Ní 1969, nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ, ìyá mi wà lára àwọn tó kó ẹrù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi ti bá wa gba ìwé. Ìyá mi, tó ti ń ta aṣọ ní Kumasi kó tó bí mi, kò ní. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ, ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀ ní àgbàlá. Ọkọ mi gbé ẹ̀rọ téèpù onírólù wa, èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀, ka iwájú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ ki oríkì ọmọ yín sínú èyí kí ẹ tó lọ, kó lè máa gbọ́ yín."

Mo kúnlẹ̀, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì kì mí. Láàárọ̀, láti kékeré mi, bó bá kì mí dé ibì kan, á dúró, èmi á ní, "Ìyá mi o!" kó tó tẹ̀ síwájú. Bí n kò bá dáhùn, kò ní lọ. Á ní ṣé oorun ṣì wà lójú mi ni. Lọ́jọ́ náà, ó dúró, mo dáhùn. Ó tún dúró, ẹkún kò jẹ́ kí n lè dáhùn, ó sì dúró dè mí. Ó wúkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n nu imú mi, ó sì ti ibẹ̀ ń kì mí lọ. Odó fùfú àwọn ará ilé ń dún lẹ́yìn wa. Gbogbo rẹ̀ ló wọ inú téèpù.

Mo rò pé n ó máa gbọ́ ọ bó bá ti wù mí. Ta ló gbà fún mi? "Ẹ̀rọ yìí kò lè gbé ohùn Màmá jáde bó ṣe yẹ," lọkọ mi á wí. "Jẹ́ kí sípíkà dé ná." Sípíkà dé, ó ku wáyà. Ìgbà tó gbà láti lò ó, ó ń yí kókó kiri títí téèpù fi tán, n kò gbádùn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ní ìyá wa ti kú, wọ́n sì ti sin ín.

Mo sunkún títí ohùn mi fi há. Mo ní kí ọkọ mi gbé téèpù sí i. Òun náà ń sunkún, nítorí ó fẹ́ràn ìyá mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní kí n jọ̀wọ́ ní sùúrù di Sátidé tí àwọn ènìyàn yóò wá bá wa kẹ́dùn, òun fẹ́ tún un ṣe kó yẹ Màmá. Mo gbà fún un. Mo rí i tó ń fi bíléèdì gé téèpù, tó ń lẹ̀ ẹ́, mo ṣe bí ibi tó já ló ń so. Nígbà tó parí, ó gbà á sínú káséètì lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ káséètì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìgboro, ó sì fi ẹ̀rọ rólù náà ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀kan.

Ní Sátidé, pálọ̀ kún. Àwọn ará ìjọ wa wá, Alhaja kan tí òun àti ìyá mi jọ tajà sì wá láti àdúgbò Sawaba. Òun nìkan ló rí àga jókòó sí, àwọn yòókù fẹ̀yìn ti àpótí ìrókò. Ọkọ mi tẹ ẹ̀rọ.

Ohùn ìyá mi jáde, ó mọ́ gaara. Odó kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dún mọ́.

"Bàbá, ẹ yẹ dẹ pàá!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Kumasi ló fi Twi yìn ín pé ó dùn gan-an. "Àfi bíi pé Màmá wà níbí!"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n Alhaja tẹ́tí títí, ó bojú wò kiri.

"Ìnnálílááhì! Wàláhì, ohùn ọ̀rẹ́ mi rèé. Ṣùgbọ́n ta ló ń kì? Ẹnì kankan kò dá a lóhùn."

"Alhaja, ariwo àárín rẹ̀ ni mo gé kúrò," ni ọkọ mi dáhùn. "Ikọ́, ẹkún, àti ibi tí kò ti sọ̀rọ̀. Ó ti mọ́ báyìí."

"Àwọn èyí tí ẹ gé dà?" mo bi í.

"Mo ti gbá wọn dànù."

Inú bí mi. Ìbá ṣe pé ènìyàn kò sí níbẹ̀, n bá da àpótí méjèèjì dé. Ìyá mi kò dá ọ̀rọ̀ dúró, ó ń kì mí lọ bí ẹni ń ka ìròyìn. Mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ó kì mí dé ibi tí í máa ń dúró, mo ní, "Ìyá mi o!" Ó ti kọjá. Mo tún pè é níbi kejì, ó tún ti kọjá, mo wá ń pariwo tẹ̀lé e lẹ́yìn, kò dúró dè mí.

Ọkọ mi rọra na ọwọ́ sí kókó, ó fi kún ohùn rẹ̀. Ó rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa ni.