Orúkọ Tí Làbákẹ́ Kò Lè Pè

Ní Nyohini, àdúgbò wa, bí táyà alùpùpù rẹ bá jò, Làbákẹ́ ni kí o wá lọ. Opó ni, ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún gírísì, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Mùtíù ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ táyà lílẹ̀ kó tó kú lọ́dún tó kọjá. Ogójì ọdún ni wọ́n fi jọ gbé, Làbákẹ́ kò pe orúkọ ọkùnrin náà rí. Ìyàwó ilé wo ló ń pe orúkọ ọkọ? "Bàbá Issahaku" ló ń pè é. Bí inú bá bí i, a ní, "Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn!"

Nígbà tí Fadila, ìyàwó Issahaku, bí ọmọkùnrin, ẹbí ti pinnu: Mùtíù ni yóò jẹ́. Làbákẹ́ nìkan ló kọ̀. Dára ló fẹ́.

Ọjọ́ súnà, ìsọmọlórúkọ, pé, àgbàlá kún. Wọ́n ti so àgbò mọ́gi, àlùfáà ti jókòó. Àbdùsàlámì, àbúrò olóògbé, ká agbádá sórí èjìká bí ẹni tó fẹ́ jìjàkadì.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ kí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi parun ni?"

"Ọkọ mi, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìdí. Bí Fadila bá lọ síbi iṣẹ́, ta ni yóò máa nùdí ọmọ yìí? Ẹ̀yin ni?"

Àbdùsàlámì wo àgbò. Àgbò náà gbójú kúrò.

"Èmi ni! Lọ́jọ́ tó bá wá yàgbẹ́ sórí ẹní, ṣé kí n dìde kí n kígbe pé, 'Mùtíù! Ìwọ Mùtíù ọ̀bùn, wá jẹ́ n nù ọ́ nídìí'?"

Fadila fi ìborùn bo ẹnu, ẹ̀rín ń mì í léjìká. Àmọ́ Làbákẹ́ fúnra rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, ẹni tó ni ín kò sì sí níbẹ̀ láti bá a jà. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ewúrẹ́ ló wọlé.

Àlùfáà wúkọ́. "Màmá, Dára, Dára, orúkọ àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ẹ sọ fún àlejò pé oore Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò mọ ọkùnrin yẹn ni? Mo ro túwó, ó jóná, ó ní, 'Ó dára.' Mo fi iyọ̀ ba ọbẹ̀ ayóyò jẹ́, 'Ó dára.' Ìjì ṣí páànù orí wa lọ sílé onílé, ó gbójú sókè, ó ní, 'Ó dára.' Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè! Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo fún un ní ẹ̀kọ kókò, kò lè gbé e mì. Ẹ bi mí ohun tó sọ."

Kò sẹ́ni tó bi í.

Àbdùsàlámì tú agbádá sílẹ̀. "Àlùfáà, ẹ pè é ní Dára. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."

Àlùfáà fi Abdul-Karim kún un, kí àwọn málééka lè rí nǹkan kọ.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ náà tọ̀ sára aṣọ tuntun Làbákẹ́. Obìnrin náà fi gbogbo èémí rẹ̀ kígbe, tó fi jẹ́ pé ọlọ́kadà kan bojú wẹ̀yìn lójú títì:

"Dára! Dára, ọmọ ọ̀bùn! Bàbá rẹ àgbà náà kò mọ́ jù báyìí lọ!"